Ìwé ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ ní ìta: Nàìjíríà, CAMES, Faransé, Kánádà àbí Jámánì?

Bí ẹnì kan bá gba lísáǹsì (ìwé ẹ̀rí yunifásítì ìpele àkọ́kọ́) tàbí másítà ní yunifásítì Abomey-Calavi, tó padà sílé sí Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, tó sì sọ pé òun fẹ́ wáṣẹ́ lọ sí ìta, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tó máa ń gbọ́ ni "lọ ṣe ẹkífaláǹsì," ìyẹn ìwé tó ń sọ pé ìwé ẹ̀rí ẹni dọ́gba pẹ̀lú ti ibòmíràn. Wọ́n á júwe ẹnì kan fún un nítòsí ọjà Ouando, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà méjì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, tó ní òun mọ ọ̀nà gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sanwó nírú ibẹ̀ láìtíì mọ ẹni tó máa ka ìwé tí wọ́n ń sanwó fún.

Kò sí ìwé kan ṣoṣo tó ń jẹ́ ẹkífaláǹsì tí gbogbo ayé máa gbà. Èyí tí wọ́n ṣe ní Faransé kò wúlò fún ètò ìwọlé Kánádà. Èyí tí wọ́n ṣe fún Kánádà, ìjọba Jámánì kò ní fi ṣe ohunkóhun. Nítorí náà, kí a tó máa sọ iye owó, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ń béèrè.

Ohun tí mo fi wọn ọ̀nà márààrún

Àkọ́kọ́, tó sì ju gbogbo ìyókù lọ: ta ló fẹ́ rí ìwé náà? Ẹni mẹ́ta ni. Agbanisíṣẹ́ lè fẹ́ mọ̀ bóyá lísáǹsì yín tó èyí tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ tiwọn. Ilé-iṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de lè fẹ́ ẹ kó tó fún yín ní físà. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ kan (ti dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn, agbẹjọ́rò, ní ibòmíràn ti ẹnjiníà pẹ̀lú) lè fẹ́ ẹ kó tó gbà yín láyè láti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rárá. Ìwé tó tẹ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́rùn lè má tẹ́ èkejì lọ́rùn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò ìwé àṣẹ sì lè rí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dúró de òun.

Èkejì ni owó, gbogbo rẹ̀ pátá. Iye tí àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ń gbà kì í sábà jẹ́ èyí tó pọ̀ jù. Owó ìwé máàkì ń bẹ, owó òǹtẹ̀, owó ìtumọ̀, owó ìdánwò èdè, owó tí wọ́n fi ń fi ìwé ránṣẹ́, àti ti ọkọ̀ lọ sí Kútọnu. Ará Àjàṣẹ́ lè lọ kó bọ̀ láàárọ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ jìnnà sí Kútọnu tó nǹkan bíi 250 kìlómítà. Bí wọ́n bá ní kó padà wá lọ́la nítorí òǹtẹ̀ kan, owó ilé ibùsùn ti wọ inú ìṣirò náà nìyẹn.

Mo tún wo bí ọ̀nà náà ṣe dúró ṣinṣin tó, èdè tó bèèrè fún, àti bóyá ó bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé mu tàbí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀.

Ohun méjì tó ń da ìwé rú kó tó kúrò nílé

Orúkọ ni ti àkọ́kọ́, èyí sì kan àwa tí a ń jẹ́ orúkọ Yorùbá lábẹ́ ìjọba tó ń kọ̀wé ní Faransé ju ẹnikẹ́ni lọ. Adéchina ló wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí, Adéshina ló wà lórí báàkì (ìwé ẹ̀rí ìparí girama), Adesina sì ni akọ̀wé yunifásítì tẹ̀. Olouwafèmi níbí, Oluwafemi lọ́hùn-ún. Nílé, gbogbo wa mọ̀ pé èèyàn kan náà ni. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ní Toronto tàbí Bonn kò mọ̀, kò sì ní bi yín léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè kàn dá fáìlì náà dúró. Ẹ to gbogbo ìwé yín sórí tábìlì: ìwé ọjọ́ ìbí tí ANIP (àjọ ìdánimọ̀ ará ìlú ní Bẹ̀nẹ̀) ń fúnni, báàkì, lísáǹsì, másítà, pásípọ́ọ̀tù. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Pásípọ́ọ̀tù ni kí ìyókù bá mu, torí òun ni gbogbo ibẹ̀ máa wò.

Èkejì ni irú ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde. Ẹni tó ka ìwé ní yunifásítì ìjọba kò ní ìṣòro níbí. Ẹni tó ka ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé: ṣé ìjọba fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà àti ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀? Ṣé mo jókòó fún ìdánwò àpapọ̀ tí ìjọba ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aládàáni ní ìparí lísáǹsì àti másítà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ọ̀kankan nínú ọ̀nà márùn-ún yìí tó máa gbà yín. Ìwé tí orílẹ̀-èdè tó ti jáde kò kà sí, ta ni yóò kà á sí lókèèrè?

Nàìjíríà: ó sún mọ́ wa jù, ó sì ti le jù bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀

Fún àwa tí a wà lẹ́bàá ààlà, ibẹ̀ ni ọkàn kọ́kọ́ máa ń lọ. Láti Àjàṣẹ́ sí Ìgólò kò jìnnà, ọ̀nà Kétu sí Ìláárá kò jìnnà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni sì sábà máa ń wà ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 jẹ́ kí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́. Èdè ilé kò yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ti ọ́fíìsì.

Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ló ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà ní ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó báyìí tẹ́lẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé e jáde bí oníròyìn wọn kan ṣe gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti Bẹ̀nẹ̀ láàárín oṣù tí kò pé méjì, tó sì tún fi wọ ètò NYSC, ìyẹn iṣẹ́ sìnlú ọdún kan ti àwọn àgùnbánirọ̀. Nígbà tí Oṣù Kìíní 2024 fi máa bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà ti dá àyẹ̀wò gbogbo ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Tahir Mamman, sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní 22,000 ló ní ìwé ẹ̀rí ayédèrú láti orílẹ̀-èdè méjèèjì. Wọ́n wá kéde yunifásítì mẹ́jọ péré tí wọ́n yóò máa gbà: mẹ́ta ní Tógò, márùn-ún ní Bẹ̀nẹ̀. Márùn-ún ti Bẹ̀nẹ̀ ni Université d'Abomey-Calavi, Université de Parakou, UNSTIM ti Abomey, Université Nationale d'Agriculture, àti Université Africaine de Développement Coopératif.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún àkójọ yẹn kà. Université Nationale d'Agriculture wà nínú rẹ̀, ìyẹn èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Kétu gẹ́gẹ́ bí yunifásítì ìṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ Kétu tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa irúgbìn tàbí ẹran ọ̀sìn nílé ara rẹ̀ ní ìwé tí Àbújá gbà, nígbà tí ẹni tó san owó gọbọi fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu lè má ní i. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé láàárín wa níbí ni ọ̀rọ̀ yìí gún jù, torí láìsí ìwé tí Àbújá gbà, kò sí NYSC. Láìsí NYSC, iṣẹ́ ìjọba di àlá. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní NYSC láti ṣe.

Nípa owó, ọ̀nà yìí ló rọrùn jù. Kò sí ìdánwò èdè, kò sí owó tí ẹ gbọ́dọ̀ tì pa ní báǹkì. Ìtumọ̀ ìwé láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa san, pẹ̀lú ìrìn àjò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò dúró ṣinṣin: ohun tí ìkéde kan ṣí, ìkéde mìíràn lè tì í. Ẹ wo àkójọ náà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́dún tó kọjá.

Àmọ́ ṣé gbogbo iṣẹ́ ló nílò rẹ̀? Rárá. Ilé ìwé aládàáni ní Èkó tó ń wá olùkọ́ Faransé fẹ́ gbọ́ Faransé lẹ́nu yín. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù gba Kútọnu àti Sèmè fẹ́ ẹni tó mọ èdè méjèèjì, tó sì lóye ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í sábà béèrè ìwé Àbújá. Dókítà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ìgbìmọ̀ MDCN, ibi yòówù kó ti kàwé ní òkèèrè. Ohun kan ṣì wà: láti Oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, owó oṣù tó dùn-ún gbọ́ ní Ìkẹjà lè dà bí ẹni ń ṣeré tí ẹ bá sọ ọ́ di sẹ́fà. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní sẹ́fà, àgàgà bó bá jẹ́ pé ilé lẹ fẹ́ máa fi owó ránṣẹ́ sí.

CAMES: fún ẹni tó ń lọ sí Dákà tàbí Abídíjàn

CAMES ni ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé àti Madagásíkà lórí ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ouagadougou ni ibùjókòó rẹ̀, orílẹ̀-èdè 19 ló wà nínú rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé CAMES kì í yẹ ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé ń kọ́ni ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò, ilé ìwé ló sì ń gbé e lọ síwájú wọn. Bí ẹ̀kọ́ yín bá wà lórí àkójọ wọn, ó ti parí. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí owó tí ẹ lè san láti fi orúkọ yín sí i. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín "ṣe CAMES," ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Nínú UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà, ọ̀rọ̀ tún rọrùn sí i, torí àṣẹ ọdún 2007 ti mú kí orílẹ̀-èdè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ máa lo ètò lísáǹsì, másítà àti dókítórà kan náà. Àwọn dókítà àti àwọn ayàwòrán ilé ní àṣẹ tiwọn láti 2005, tó jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ káàkiri ẹgbẹ́ náà, bí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ibi tí wọ́n ń lọ. Owó kò pọ̀, èdè kò yí padà, sẹ́fà náà kò yí padà. Ó yà mí lẹ́nu pé ojú yẹpẹrẹ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń wo ọ̀nà yìí, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Abídíjàn ń gba akáǹtáǹtì àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti ibi gbogbo ní agbègbè náà.

Faransé: ìwé tó rọrùn láti gbà, tí kì í fipá mú ẹnikẹ́ni

Ẹ̀ka tó ń jẹ́ ENIC-NARIC, lábẹ́ France Éducation international ní Sèvres, ló ń fúnni ní attestation de comparabilité. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, ìwé Bẹ̀nẹ̀ kò sì nílò ìtumọ̀ torí Faransé náà ni. Owó rẹ̀ kéré sí ti Kánádà àti ti Jámánì.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Lábẹ́ òfin Faransé, kò sí ẹ̀tọ́ kan tó ń jẹ́ pé ìwé òkèèrè dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Ìwé náà sọ pé lísáǹsì yín ṣeé fi wé ìpele báyìí báyìí. Agbanisíṣẹ́ tàbí ọ́fíìsì tó bá kà á ló máa pinnu ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó wúlò fún ẹni tó ti wà nínú Faransé tí ilé-iṣẹ́ kan bi í ní ìpele rẹ̀, àti fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ kan tó ń béèrè ìpele pàtó. Ẹni tó fẹ́ lọ kàwé sí i nípasẹ̀ Campus France kò nílò rẹ̀. Yunifásítì tó fẹ́ gbà á ló máa wo ìwé rẹ̀ fúnra wọn. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo sábà máa ń rí tí wọ́n ń sanwó fún un.

Iṣẹ́ ìlera ni ibi tí omi ti jìn. Dókítà tó gba ìwé ẹ̀rí ní ìta Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ la ìdánwò ìmọ̀ kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní EVC, tí ó jẹ́ ìdíje torí àyè tí wọ́n ń gbà kò pọ̀, kó tó lè máa retí àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Ti nọ́ọ̀sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì Bẹ̀nẹ̀ kò ní di ti Faransé nípa òǹtẹ̀ kankan. Ó ní láti padà sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè dín ohun tó máa kọ́ kù, kó sì gba ìwé ẹ̀rí tiwọn. Nọ́ọ̀sì tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní ilé ìwòsàn Àjàṣẹ́ yẹ kó gbọ́ èyí kó tó ta ilẹ̀ rẹ̀.

Kánádà: ó náni, ṣùgbọ́n ó ní òfin tí a lè kà

Ìwé tí Kánádà ń béèrè fún ètò Express Entry, èyí tí wọ́n fi ń yan òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá máa gbé níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ni ECA, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi ìwé ẹ̀rí òkèèrè wé tiwọn. Àwọn àjọ díẹ̀ tí ìjọba yàn nìkan ló lè ṣe é: WES, IQAS, ICAS, ICES àti CES ti Yunifásítì Toronto. Dókítà ń lọ sọ́dọ̀ Medical Council of Canada, apòògùn sì ń lọ sọ́dọ̀ àjọ tiwọn. Iye tí WES ń gbà ju 200 dọ́là Kánádà lọ, ìyẹn ju 80,000 sẹ́fà, láìka owó ìfìwéránṣẹ́.

Níbi ìwé máàkì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ yín fúnra rẹ̀ ló máa fi í ránṣẹ́ nínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ẹ bá tú u wò, ó ti bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí ní sẹkitérià ilé ẹ̀kọ́ wa mọ̀ pé ibí yìí ni sùúrù ti ń tán. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ mú àdírẹ́sì àti nọ́mbà fáìlì tí àjọ náà fún yín dání ní títẹ̀, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó máa fi í ránṣẹ́, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ẹ lè padà wá wádìí. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ lè fi ìwé àṣẹ rán ẹbí tó wà ní Calavi, ṣùgbọ́n kí ẹni náà jẹ́ ẹni tó lè dúró sójú kan títí wọ́n á fi dá a lóhùn.

ECA kì í wà títí láé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà tí ẹ bá fi béèrè. Èyí ló mú kí n máa sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pé kí wọ́n má tíì ṣe é. Ètò Federal Skilled Worker, ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ Express Entry, ń béèrè ọdún kan ó kéré tán ti iṣẹ́ tó nílò ìmọ̀, tí ẹ ṣe láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó gba lísáǹsì lánàá tí kò tíì ṣiṣẹ́ ń sanwó kí aago kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lórí ìwé tí kò lè lò.

Ohun tí ó dára níbẹ̀ fún wa ni Faransé. Láti 2023, Kánádà ti ń pe àwọn tó gbọ́ Faransé dáadáa lọ́tọ̀ nínú Express Entry, bí wọ́n bá ní ìpele 7 ní kíkà, kíkọ, gbígbọ́ àti sísọ. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí kì í sábà nílò máàkì tó ga bíi ti àwọn yòókù. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò TEF Canada tàbí TCF Canada, kódà bó bá jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ yín láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó lè bí yín nínú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa yọ yín sílẹ̀. Owó tó wúwo jù kò sí nínú gbogbo èyí: ẹni tí kò ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Kánádà pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń dúró dè é gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ju 14,000 dọ́là Kánádà lọ ní báǹkì fún ẹni kan ṣoṣo, ìyẹn ju mílíọ̀nù márùn-ún sẹ́fà.

Québec yàtọ̀ pátápátá. Ìjọba ibẹ̀ ló ń yan àwọn tirẹ̀, kì í lo Express Entry, ilé-iṣẹ́ MIFI rẹ̀ sì ní àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹ má ra WES nítorí Québec. Ní Québec tàbí ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, iṣẹ́ tó nílò ìwé àṣẹ ṣì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀: ECA sọ pé ẹ kàwé, kò sọ pé ẹ lè fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́.

Jámánì: ẹ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó sanwó

Jámánì nìkan ló fún wa ní ohun tí a lè fi dán ara wa wò láìná kọ́bọ̀. Ibi ìkójọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ anabin. Ẹ wá Bẹ̀nẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá yunifásítì yín. H+ túmọ̀ sí pé wọ́n gbà á. H- pé wọn kò gbà á. Àmì méjèèjì pọ̀ túmọ̀ sí pé ó sinmi lórí ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́. Bí yunifásítì yín bá jẹ́ H+ tí ìwé ẹ̀rí yín gan-an sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó bá tiwọn dọ́gba, ẹ tẹ ojú ìwé náà jáde. Ó lè tó fún físà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ZAB, ọ́fíìsì tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí òkèèrè ní Bonn, fún Zeugnisbewertung, ìwé tó ń fi ìwé ẹ̀rí yín wé tiwọn. Iye rẹ̀ tó nǹkan bíi 200 yúrò, ìyẹn nǹkan bíi 131,000 sẹ́fà, torí yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà láìyẹ̀. Mo fẹ́ràn pé àwọn ará ibẹ̀ ń kọ òfin wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e.

Láti Oṣù Kẹfà 2024 ni Chancenkarte ti wà, físà ọdún kan fún ẹni tó fẹ́ lọ wáṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń béèrè èdè Jámánì ìpele A1 (ti ìbẹ̀rẹ̀) tàbí Gẹ̀ẹ́sì ìpele B2 (ti ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa), máàkì mẹ́fà fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì dọ́gba pátápátá, àti owó tó ju 1,000 yúrò lọ fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ sẹ́fà. Faransé yín kò ṣiṣẹ́ níbí. Ẹni tó ka Jámánì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kó lọ ṣí ìwé rẹ̀ padà. Àwọn ìyókù, Goethe-Institut, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Jámánì, wà ní Èkó àti ní Lomé.

Fún iṣẹ́ ìlera, Jámánì ṣílẹ̀kùn tí Faransé tì. Nọ́ọ̀sì lè béèrè pé kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ wé tiwọn, kí wọ́n sọ ohun tó kù, kó sì kọ́ ìyẹn nìkan tàbí kó ṣe ìdánwò. Láti Oṣù Kẹta 2024, àdéhùn kan wà tó jẹ́ kí ẹni tó ní Jámánì ìpele A2 wọlé, kó máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ tó gbà láti ràn án lọ́wọ́, kí àyẹ̀wò ìwé náà sì máa lọ lẹ́yìn. B2 ni wọ́n sábà ń béèrè kí ó tó di nọ́ọ̀sì gidi. Ọ̀nà náà gùn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tó parí sí.

Ta ló yẹ kó gba èwo?

Ẹni tó jáde ní ọ̀kan nínú yunifásítì márùn-ún tí Àbújá gbà, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní ẹbí ní Èkó tó lè gbà á sílé: kó gba Nàìjíríà, àgàgà fún iṣẹ́ aládàáni. Ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sí nínú márùn-ún náà kó má ná owó lórí Àbújá rárá.

Ẹni tí kò ní owó púpọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣírò owó, kọ̀ǹpútà, ìṣòwò tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀: kó kọ́kọ́ wo Abídíjàn àti Dákà. Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá wà lórí àkójọ CAMES, kó kọ ọ́ sínú sífì rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún méjì níbẹ̀ ni Kánádà máa kà fún un lẹ́yìn náà.

Faransé wà fún ẹni tó fẹ́ tún kàwé, tàbí ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì béèrè ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò sí ẹni tó béèrè, ẹ fi owó yín sápò.

Kánádà bá ẹni ọgbọ̀n ọdún tàbí tó lé díẹ̀ mu, tó ti ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, tí Faransé rẹ̀ dá múṣémúṣé, tó sì ní mílíọ̀nù díẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Owó yíyá tí wọ́n kó sí báǹkì fún oṣù kan kò ní gbé yín dé ibì kankan, torí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ń wò nínú báǹkì.

Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, Jámánì ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ, bí ẹ bá lè fara mọ́ kíkọ́ èdè fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ fi anabin sílẹ̀, torí yunifásítì ni tirẹ̀. Orí ojúlé Anerkennung in Deutschland ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa sọ ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ yín. Kẹ́ ẹ sì gba àkọsílẹ̀ wákàtí iṣẹ́ àṣewò yín ní ilé ìwòsàn kí olórí tó yẹ kó fọwọ́ sí i tó fẹ̀yìn tì, nítorí àkọsílẹ̀ náà ni wọ́n máa fi wọn ohun tó kù fún yín láti kọ́.